Skáànù Ọkàn Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bẹ́ẹ̀dì: Ẹ̀rọ Kọ́ Ló Wọ́n, Olùkọ́ Ni

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ àti gbogbo ẹ̀yin òǹkàwé, ìbéèrè kan ni mo fẹ́ ká jọ tú wò lónìí. Aláìsàn kan wà ní ICU, ìyẹn wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le jù lọ. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti já wálẹ̀, 70 lórí 40 ló wà. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, kò tọ̀ láti àárọ̀. Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru yẹn ní láti pinnu: ṣé kí òun fa omi sí i lára ni, àbí kí òun má fà á? Bí ó bá ṣì í, aláìsàn lè má rí ọjọ́ kejì.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń ṣiṣẹ́ ní irú wọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ báyìí, nílé àti lókè òkun. Ẹ ti ń bi mí nípa skáànù ọkàn tí dókítà ICU fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì: báwo ló ṣe yẹ kí wọ́n kọ́ èèyàn, ṣé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan sì ti tó? Bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ ni mo kọ́ yín, ibẹ̀ náà ni màá ti dáhùn. Ọjọ́ kan kò tó rárá. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Ohun mẹ́rin tó jọra lójú

Ẹ rántí àpèjúwe bọhóòlù tí mo máa ń lò ní kíláàsì. Bí omi kò bá dé ẹnu táàpù dáadáa, ohun mẹ́rin ló lè fà á. Omi lè ti gbẹ nísàlẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ti omi lè ti kọṣẹ́. Nǹkan lè dí páìpù. Tàbí kó jẹ́ pé páìpù ti fẹ̀ jù, tí omi tó wà nílẹ̀ kò fi lè kún un mọ́.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ara rí. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dà púpọ̀ lára rẹ̀, tàbí tó ya ìgbẹ́ gbuuru títí, omi rẹ̀ ló gbẹ. Ẹni tí iṣan ọkàn rẹ̀ ti di aláìlágbára, ẹ̀rọ rẹ̀ ló kọṣẹ́. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dídì lọ há sí òpó tó gba ọkàn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, tàbí tí omi kún àpò tó bo ọkàn tó sì ń há ọkàn mọ́, ọ̀nà rẹ̀ ló dí. Ẹni tí àrùn wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló fẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Nígbà mìíràn, méjì á wà lára ẹnì kan ṣoṣo, torí àrùn inú ẹ̀jẹ̀ náà lè sọ ọkàn di aláìlágbára.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè jọra lójú ẹni tó dúró ti bẹ́ẹ̀dì. Ìfúnpá gbogbo wọn lọ sílẹ̀, ọkàn wọn sábà máa ń sáré, wọn kì í tọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú wọn yàtọ̀ bí ọ̀sán ṣe yàtọ̀ sí òru. Ẹni àkọ́kọ́ nílò omi tàbí ẹ̀jẹ̀, kíákíá. Ẹni kejì, bí o bá ń da omi lé e, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lò ń rọ omi kún. Ẹni tí omi ń há ọkàn rẹ̀ mọ́ nílò abẹ́rẹ́ tí yóò fa omi náà jáde. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dídì dí ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè nílò oògùn tó ń tú u.

Díríìpù kì í ṣe omi lásán

Ní ilẹ̀ wa, àwọn èèyàn gbà pé díríìpù kì í pani lára. Aláìsàn gan-an á ní, "Dókítà, ẹ bá mi fa omi díẹ̀ sí i." Ìwádìí méjì tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Áfíríkà yìí yẹ kó ti mú wa yí èrò padà.

Èkíní, tí wọ́n ń pè ní FEAST, jáde ní 2011. Ní Kenya, Uganda àti Tanzania ni wọ́n ti ṣe é, fún ọmọdé 3,141 tí ibà dá gúnlẹ̀ gidi, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì kárí ara wọn dáadáa. Wọ́n yára da omi sí ara àwọn kan, wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn yòókù. Láàárín wákàtí 48, nǹkan bíi 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n da omi fún ló kú. Nínú àwọn tí wọn kò dà á fún, 7.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o: wọ́n yọ àwọn ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru kúrò nínú ìwádìí náà. Ẹni tí omi ara rẹ̀ gbẹ ṣì nílò omi.

Èkejì jáde ní 2017 láti Lusaka, ní Zambia. Àgbàlagbà 209 ni wọ́n ṣírò, àwọn tí àrùn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn tí ìfúnpá wọn sì já wálẹ̀. Wọ́n fi ètò kan tó ní omi púpọ̀, oògùn tó ń gbé ìfúnpá sókè àti ẹ̀jẹ̀ gbígbà tọ́jú àwọn kan. 48 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló kú. Àwọn tí wọ́n tọ́jú bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ ńkọ́? 33 nínú ọgọ́rùn-ún.

Wọn kò fi skáànù darí ìtọ́jú nínú ìwádìí méjèèjì, n kò sì sọ pé skáànù ìbá ti gba gbogbo wọn là. Ohun tí wọ́n fi hàn wá ni pé oògùn ni omi. Ó ní ẹni tó yẹ, ó sì ní ẹni tó lè pa. Kí a tó fà á, ó yẹ ká gbìyànjú láti mọ ohun tí ọkàn ń ṣe.

Bí ìró ṣe ń ya àwòrán

Ìró ni skáànù yìí ń lò. Etí wa kì í gbọ́ ìró tó bá ń gbọ̀n ju bíi ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Próòbù, ìyẹn ọwọ́ ẹ̀rọ tí dókítà ń gbé lé àyà, ń rán ìró tó ń gbọ̀n ní ìgbà mílíọ̀nù méjì sí márùn-ún. Ìró náà ń sáré nínú ẹran ara ní nǹkan bíi mítà 1,540 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ó bá kan ògiri ọkàn tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15, gbohùngbohùn rẹ̀ á padà dé láàárín ìdá kan nínú 5,000 ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ̀rọ á ṣírò ibi tí gbohùngbohùn kọ̀ọ̀kan ti wá, á sì fi wọ́n ya ọkàn bó ṣe ń lù lọ́wọ́.

Ọ̀tá méjì ló ní: egungun àti afẹ́fẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi jẹ́ẹ̀lì pa awọ ara, kí afẹ́fẹ́ má bàa wà láàárín, tí wọ́n sì fi ń wá àyè sí àárín egungun ìhà.

Inge Edler, tó jẹ́ dókítà, àti Carl Hellmuth Hertz, tó jẹ́ onímọ̀ físíìsì, ló kọ́kọ́ fi ìró wo ọkàn tó ń lù báyìí, ní ìlú Lund ní Sweden, lọ́dún 1953. Ẹ̀rọ tí wọ́n yá lò kì í ṣe ti ilé ìwòsàn rárá. Irú èyí tí wọ́n fi ń wá ibi tó sán nínú irin ni, níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, dókítà ọkàn ló ni iṣẹ́ yìí. Aláìsàn á lọ bá a ní yàrá rẹ̀, á wo gbogbo ọkàn fínnífínní, á wọ̀n ọ́n, á kọ ìwé. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rọ ń bá mí ní ICU kò lè dìde lọ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ní aago méjì òru, wọ́n ti ti yàrá yẹn pa.

Ọ̀nà mìíràn làwọn dókítà ICU kọ́kọ́ gbà. Lọ́dún 1970, Swan àti Ganz gbé ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde tó ní bàlúùnù lórí, tí wọ́n ń tì gba inú ọkàn kọjá títí dé òpó ẹ̀dọ̀fóró. Ó gbayì gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán an wò ní ọ̀pọ̀ ICU ní Britain, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2005, wọn kò rí i pé ó dín ikú kù. Bí ọ̀pá yẹn ṣe ń lọ ni skáànù ń bọ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, François Jardin àti Antoine Vieillard-Baron wà lára àwọn tó sọ skáànù ọkàn di iṣẹ́ dókítà ICU. Ní Aarhus ní Denmark, Erik Sloth ṣe ètò kúkúrú kan tí wọ́n ń pè ní FATE, tí ẹni tí kì í ṣe dókítà ọkàn lè lò.

Ìbéèrè márùn-ún péré

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Kò sẹ́ni tó ní kí dókítà ICU di dókítà ọkàn. Ìbéèrè márùn-ún ni ó yẹ kó lè dáhùn, ìdáhùn rẹ̀ kò sì ní ju "bẹ́ẹ̀ ni", "rárá", tàbí "n kò rí i dáadáa" lọ.

Èkíní: ṣé apá òsì ọkàn, tó ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara, ń fún pọ̀ dáadáa? Èkejì: ṣé apá ọ̀tún, tó ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ti wú? Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, apá ọ̀tún kéré sí ti òsì. Bí wọ́n bá ti dọ́gba, tàbí tí ọ̀tún ju òsì lọ, ó yẹ ká wádìí ohun tó ń dí i lọ́nà. Ẹ̀kẹta: ṣé omi wà nínú àpò tó bo ọkàn? Ẹ̀kẹrin: òpó ńlá tó ń kó ẹ̀jẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ara padà wá sí ọkàn, ṣé ó kún ni àbí ó ti pẹlẹbẹ? Ẹ̀karùn-ún: ṣé ilẹ̀kùn ọkàn kan ń jò lọ́nà tó burú?

Àwòrán márùn-ún ni wọ́n máa ń yà: méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì egungun àyà, ọ̀kan láti ibi ṣóńṣó ọkàn lábẹ́ ọmú òsì, méjì lábẹ́ egungun àyà, níbi tí ikùn ti bẹ̀rẹ̀. Méjì tó kẹ́yìn yìí máa ń gbani lójú ẹni tí ẹ̀rọ ń bá mí, nítorí ẹ̀dọ̀fóró tó kún fún afẹ́fẹ́ sábà máa ń bo ọkàn lójú àwọn yòókù.

Ohun tí wọ́n ń kọ́, àti iye ìgbà

Lọ́dún 2009, ẹgbẹ́ àwọn dókítà àyà ní Amẹ́ríkà àti ẹgbẹ́ àwọn dókítà ICU ti ilẹ̀ Faransé jọ kọ ohun tí dókítà ICU gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa skáànù sílẹ̀. Ní 2011, àwọn ọ̀mọ̀wé láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi wá sọ bí wọn yóò ṣe kọ́ ọ. Fún ìpele ìbẹ̀rẹ̀, wákàtí mẹ́wàá ó kéré tán fún ẹ̀kọ́ àti wíwo àwòrán àwọn aláìsàn. Lẹ́yìn náà, bíi skáànù 30 tí olùkọ́ ń bójú tó. Ní Britain, ètò tí wọ́n pè ní FICE, tó ti di FUSIC Heart báyìí, ń béèrè skáànù 50 nínú ìwé àkọsílẹ̀ kí ọ̀gá tó fọwọ́ sí i. Fún ìpele gíga, àdéhùn ọdún 2014 ní skáànù 100 ó kéré tán láti orí àyà, àti 35 tí wọ́n ti próòbù gba ọ̀nà ọ̀fun.

Ẹ ò rí i pé wákàtí mẹ́wàá péré ni ti etí, ìyókù jẹ́ ti ọwọ́ àti ojú? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan kò lè ju ti etí yẹn lọ. Lára ọ̀dọ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ara rẹ̀ dá, tó lè fẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, ni wọ́n sì sábà máa ń fi kọ́ni lọ́jọ́ náà. Aláìsàn ICU kì í lè yí ẹ̀gbẹ́. Ara rẹ̀ wú, báńdéèjì wà láyà rẹ̀, ẹ̀rọ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹni tó rí ọkàn ọ̀dọ́ yẹn kedere lè má rí nǹkan kan níbí.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí kò fi lè jẹ́ skáànù mẹ́ta tàbí márùn-ún? Mo fẹ́ fi àpẹẹrẹ mẹ́ta dáhùn.

Àkọ́kọ́, apá òsì ọkàn gùn bí ẹyin. Bí a bá la ẹyin síse ní òòró, a ó rí gígùn rẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá fì, nǹkan roboto kékeré la máa rí. Bí próòbù bá ga ju bó ṣe yẹ lọ ní egungun ìhà kan péré, irú gígé tó fì yìí ló máa hàn. Ọkàn á dà bí èyí tó kúrú tó sì ń fún pọ̀ dáadáa, nígbà tí ṣóńṣó rẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ kò tilẹ̀ sí nínú àwòrán. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ á kọ ọ́ pé ọkàn dára, á sì fa omi lé ọkàn tó ti rẹ̀. Ìwé kíkà nìkan kò lè kọ́ ọwọ́ nírú èyí. Ọ̀gá tó dúró tì í ló máa ní, "Sún un wálẹ̀ díẹ̀. Tẹ̀ ẹ́ sí òsì. Ó yá, wò ó báyìí."

Èkejì, omi máa ń dúdú lójú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo dúdú ẹ̀yìn ọkàn ló wà nínú àpò ọkàn. Omi tó kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dọ̀fóró náà dúdú. Ohun tó yà wọ́n ni òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn ọkàn: omi àpò ọkàn máa ń gba iwájú òpó yẹn, láàárín òun àti ọkàn; omi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ṣì í lè ki abẹ́rẹ́ bọ ibi tí kò yẹ. Ẹ tún fi èyí kún un: pípọ̀ omi kọ́ ló ń sọ bó ṣe léwu tó. Omi tó rọra ń kún, bíi ti ikọ́ ẹ̀gbẹ, lè ju lítà kan lọ kó tó há ọkàn mọ́, torí àpò náà ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀ tó yára kó jọ lẹ́yìn tí wọ́n fi ọ̀bẹ gún èèyàn lè dá ọkàn dúró.

Ẹ̀kẹta, òpó tó ń kó ẹ̀jẹ̀ padà wá. Lára ẹni tó ń mí fúnra rẹ̀, òpó yìí máa ń sún kì nígbà tó bá mí sínú. Lára ẹni tí ẹ̀rọ ń bá mí, òdìkejì ni: ó máa ń fẹ̀ sí i nígbà tí ẹ̀rọ bá ti afẹ́fẹ́ wọlé. Ẹ̀kọ́ ìfúnpá inú àyà nìyẹn o, èyí tí àwọn kan nínú yín fi ń sùn ní kíláàsì mi! Ẹni tó kọ́ òfin yìí lára ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ dá, tó wá gbé e bẹ́ẹ̀ lọ bá aláìsàn orí ẹ̀rọ, kọ́kọ́rọ́ ilé ẹlòmíràn ló mú dání. Òpó mìíràn, èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ọkàn lọ sísàlẹ̀, tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́. Ó rọrùn kí ojú tuntun wọn ọ̀kan kó sì pè é ní èkejì.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú gbogbo èyí nìyí. Dókítà tí kò ní skáànù mọ̀ pé òun kò rí inú, nítorí náà á máa ṣọ́ra. Dókítà tó rí àwòrán tí kò tọ́, ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀. Ìbàlẹ̀ ọkàn yẹn léwu ju àìrí lọ.

Kò sí télọ̀ tó ń fún ọmọ iṣẹ́ ní fírídọ́ọ̀mù lọ́jọ́ tí òbí rẹ̀ ra máṣínnì fún un. Ọmọ á kọ́kọ́ wo ọ̀gá. Lẹ́yìn náà, á rán, ọ̀gá á máa wò ó. Tó bá yá, á dá rán, ọ̀gá á sì tú u wò kí oníbàárà tó gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí skáànù rí, ìpele kẹta yìí ni wọ́n sì sábà máa ń fò. Ẹni tó ti ń dá ṣe é gbọ́dọ̀ máa fi àwòrán pamọ́, kí ọ̀gá lè padà wá wò ó. Skáànù tí wọn kò fi pamọ́, kò sẹ́ni tó lè rí kọ́ nínú rẹ̀. Láàárín 50 yẹn, kò sì yẹ kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọkàn tó dára. Ó gbọ́dọ̀ ti rí èyí tó rẹ̀, èyí tó wú, èyí tí omi yí ká, àti èyí tí kò ṣeé rí rárá.

Nílé wa ńkọ́?

Tẹ́lẹ̀, ohun tí a máa ń sọ ni pé ẹ̀rọ ló wọ́n. Àwáwí yẹn ti ń tán lọ. Próòbù tí kò ju ohun tí ọwọ́ kan gbà lọ, tó ń so mọ́ fóònù, ti dé. Nígbà tí Butterfly iQ jáde ní Amẹ́ríkà, nǹkan bíi 2,000 dọ́là ni wọ́n ń tà á. Owó ńlá ṣì ni fún ilé ìwòsàn wa, ṣùgbọ́n kò dé ẹ̀gbẹ́ owó ẹ̀rọ ńlá. Bátìrì ló ń lò, nítorí náà NEPA kò lè dá iṣẹ́ rú lójijì. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Próòbù ni aṣọ. Skáànù 50 tí ọ̀gá ti tú wò ni àkísà.

A sì nílò rẹ̀ lóòótọ́. Ẹ ronú nípa àìsàn ọkàn tó máa ń mú obìnrin ní ìparí oyún tàbí lẹ́yìn ìbímọ. Ó pọ̀ ní Nàìjíríà, pàápàá ní apá Àríwá, níbi tí àwọn dókítà Zaria àti Kano ti ń kọ̀wé nípa rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ìyá ọlọ́mọ tuntun dé, kò lè mí, ìfúnpá rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Èèyàn lè rò pé ẹ̀jẹ̀ tó dà nígbà ìbímọ ni, tàbí pé àrùn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, kó sì da omi lé e. Ọwọ́ tó kọ́ṣẹ́ á rí i láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan pé ọkàn ló rẹ̀.

Ohun tí mo dábàá kò le. Ilé ìwòsàn tó bá fẹ́ ra próòbù, kó ya owó olùkọ́ sọ́tọ̀ kó tó sanwó ẹ̀rọ. Kí dókítà ọkàn àti àwọn ti ICU jókòó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n wo gbogbo àwòrán ọ̀sẹ̀ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ìwé ẹ̀rí ní Britain tàbí Amẹ́ríkà, ẹ lè bá àwọn ará ilé wo àwòrán lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n bá ti yọ orúkọ aláìsàn kúrò. Wákàtí kan lọ́sẹ̀ lọ́wọ́ yín lè ṣe wọ́n lóore ju próòbù mìíràn tí ẹ bá fi ránṣẹ́. Kí dókítà sì máa kọ ohun mẹ́ta sínú fáìlì: ohun tí mo fẹ́ mọ̀, ohun tí mo rí, bí àwòrán ṣe hàn sí.

Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ kì í ṣe dókítà, bí ẹbí yín bá wà ní ICU tí ẹ rí dókítà pẹ̀lú próòbù, ẹ lè bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ mọ̀ nínú skáànù yìí? Ṣé ẹ rí i dáadáa?" Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà yanjú kò ní bínú. Bí ó bá dáhùn pé òun kò rí i dáadáa, òun á pe dókítà ọkàn, ẹ má rò pé kò mọṣẹ́. Ẹni tí ọ̀gá ti dúró tì dáadáa ló máa ń mọ ibi tí ojú òun mọ.